Àwo Mẹ́ta

Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé àwo méjì
la fi ń gba omi tí òrùlé ń jò nínú yàrá wa ní Másífà.
Àwẹ̀ró pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́ láàárọ̀ yìí:
"Mẹ́ta ni. Ìwọ lò ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkẹta,
o sì máa ń tọ̀ sí i lóru, o ní òjò ni."
Mo rẹ́rìn-ín. Yìnyín ń bọ́ lẹ́yìn fèrèsé mi,
irú èyí tí kì í pariwo.

Bàbá wa lọ sí Tàmálè nígbà tí mo wà lẹ́nu ọmú.
Ó ní òun á padà kí iṣu tuntun tó jáde.
Iṣu tuntun jáde lẹ́ẹ̀mẹsàn-án.
Lẹ́tà dé lẹ́ẹ̀mẹrin, owó dé lẹ́ẹ̀kan:
garawa kan, ìwé kíkà Àwẹ̀ró, ó tán.
Olùkọ́ Oyèníhùn ló ń ka lẹ́tà fún Ìyá wa
lábẹ́ igi máńgòrò níwájú ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi.
Ó máa ń dákẹ́ níbì kan,
á fo ìlà mélòó kan, á bọ́ sórí "Èmi ni ọkọ rẹ."
Ọmọ ọdún méje ni mí, mo ti mọ̀
pé ohun tó ń fò yẹn kì í ṣe owó.

Láfún láàárọ̀, láfún lálẹ́.
Lọ́sàn-án, ẹni bá mọ igi í gùn ló jẹun.
Wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.
Irọ́ ni. Gánà wọ̀ ọ́.

Lọ́dún tí wọ́n lé àwọn èèyàn wa,
ọkọ̀ akẹ́rù ń já wọn sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ìlọrin
tàwọn ti ẹ̀rọ ìránṣọ, tàwọn ti ẹní,
tàwọn ti ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá.
Ìyá wa wẹ̀, ó ró ìró ìgbéyàwó rẹ̀,
ó dúró fún ọjọ́ mọ́kànlá.
Lọ́jọ́ kejìlá ó fa ìró náà ya sí méjì,
ó fi rán aṣọ fún wa.

Nígbà tó kàn mí, ọdún méjì lèmi náà sọ.

"Ó ku ohun kan," ni Àwẹ̀ró wí.
"Lẹ́tà tìrẹ ńkọ́?
Èmi ni mò ń kà á fún un títí tó fi kú.
Ṣé o mọ ibi tí mo máa ń fò?"

N kò dá a lóhùn.
Mo pa méjì rẹ́, mo kọ mẹ́ta síbẹ̀.