Alárinà Tí Kì í Yẹ̀bá

Ní ilé ẹ̀rọ kékeré tó wà lẹ́yìn réluwéè Òṣogbo,
níbi tí ariwo ẹ̀rọ ti ń bo ariwo òjò mọ́lẹ̀,
mo da wóró ọ̀rá oríṣi méjì sínú ọpọ́n kan.
Ọ̀kan ń dán bí ẹyin alángbá,
èkejì ṣú díẹ̀, bí ìrẹsì tí a kò tíì ṣà.
Ọ̀gá Tìjání ní, "Wò wọ́n dáadáa.
Èyí kórìíra omi, omi kò lè gba ara rẹ̀ kọjá,
ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń wọlé tọ̀ ọ́ bí àna tí kì í kan ilẹ̀kùn.
Èkejì yìí tilẹ̀kùn mọ́ afẹ́fẹ́ gbọin-gbọin,
àmọ́ bí ìrì lásán bá fara kàn án, ara rẹ̀ á rọ̀."

Ẹ̀pà Ìyá Sẹ̀mìátù ló fa gbogbo wàhálà yìí.
Ó ń yan án ní Jaléyemí, ó ń fi iyọ̀ sí i níwọ̀n,
ó ń dì í sí ọ̀rá, ó ń kó o ránṣẹ́ sí Wàrí.
Kí oṣù kan tó pé, wọ́n dá a padà:
ó ń rùn bí epo fìtílà,
ó ti rọ̀, kò dún lẹ́nu mọ́.
"Ẹ̀pà tí kò dún lẹ́nu," ló wí, "ṣé ẹ̀wà ni?"

Ni mo bá yọ́ méjèèjì pọ̀.
Ẹ̀rọ fẹ́ ẹ sókè bíi bàlúùnù ọdún Iléyá,
ó gùn dé òrùlé, ó ń tàn, mo rẹ́rìn-ín.
Nígbà tó tutù, mo fi èékánná họ ọ́.
Ó bó.
Ó bó bí awọ àlùbọ́sà.
Tọkọtaya tó ń gbé ilé kan tí wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀,
àárín wọn ni olè ń gbà wọlé.

Ọ̀gá kò bínú. Ó lọ tú àpò kan ní igun,
ó wọn ìwọ̀n márùn-ún sí ọgọ́rùn-ún.
"Alárinà lèyí. Apá kan ara rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilé ọkọ,
apá kejì jẹ́ ọmọ ilé ìyàwó."
Gbogbo wa la mọ̀ pé bí ìyàwó bá mojú ọkọ, alárinà á yẹ̀bá.
Èyí kì í yẹ̀bá.
Àárín wọn ló ń sùn títí di òní.

Mo tún yọ́ ọ. Mo dẹ ẹ̀rọ lọ́wọ́,
kí adènà-afẹ́fẹ́ má baà fọ́ sí wẹ́wẹ́,
kó tẹ́ pẹlẹbẹ, kó gorí ara bíi páànù òrùlé.
Afẹ́fẹ́ tó bá dé báyìí á forí sọ ògiri,
á yà sọ́tùn-ún, á tún bá ògiri pàdé,
bí àlejò tó ń wá ilé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun lóru,
gbogbo kọ̀rọ̀ jọra, ajá sì ń gbó o.
Kì í ṣe pé kò ní í dé. Yóò dé.
Ṣùgbọ́n a ó ti jẹ ẹ̀pà tán.

Oṣù keje, òjò kò dá. Mo rọ iyọ̀ gbígbẹ sínú àpò náà,
mo lẹ ẹnu rẹ̀ pa, mo gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá omi.
Àràárọ̀ ni mo ń wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n alágbẹ̀dẹ wúrà.
Ọjọ́ kẹsàn-án, kò yí.
Ọjọ́ kọkànlélógún, ó fi ẹsẹ̀ eṣinṣin kan wúwo sí i.

Lọ́nà ilé, mo rí àwọn ọ̀rá àtijọ́ nínú gọ́tà,
ọ̀rá piọ wọ́tà, ọ̀rá búrẹ́dì, tí ilẹ̀ kọ̀ láti jẹ,
omi dúró, kò mọ ibi tí yóò gbà lọ sódò.
Mo ro ti tèmi, tó lágbára jù wọ́n lọ,
mo ro ẹni tí yóò tú ìgbéyàwó náà ká.
N kò sọ fún Ọ̀gá.

Oṣù Ṣẹrẹ, Ìyá Sẹ̀mìátù gé ẹnu àpò àkọ́kọ́.
Ó sọ ẹyọ kan sẹ́nu. Ọ̀gá pa ẹ̀rọ kí a lè gbọ́.
Ó dún.
Ó jẹ gbogbo rẹ̀ tán lójú wa, kò fún ẹnikẹ́ni,
ó gbọn àpò òfìfo náà, ó ká a sí mẹ́rin,
ó kì í bọ etí ìró rẹ̀.