Bóòtù Ẹ̀yìn

Lọ́jọ́ kẹta tí ọkọ̀ mi kọ̀ tí kò gun òkè Lindseth,
tí koríko màlúù wà lẹ́yìn rẹ̀, tí yìnyín ń lu gíláàsì,
tó ń tú èéfín dúdú bí ilé tí wọ́n gbé ọbẹ̀ kaná tí wọ́n gbàgbé,
mo mọ̀ pé kì í ṣe dísù, kì í ṣe táyà.
Èémí ni kò tó o.

Wendell tó wà lódìkejì odò ní kí n ra tuntun.
Tọ́bò tuntun! Owó ọmọ màlúù mẹ́ta!
Mo ní ó ṣeun.
Màlúù kò tíì bí, aládùúgbò ti ń bá mi ná ọmọ rẹ̀.
Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nínú abà,
mo pe Britta, ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá,
kó wá bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú.

Montánà nínú oṣù kìn-ín-ní:
irin ń gé ọwọ́ jẹ bí ajá tí ebi ń pa.
Mo tú páìpù atẹ́gùn, ó tú.
Mo tú páìpù ọ́ìlì, ó tú, ó sunkún dúdú díẹ̀ sí mi lápá.
Mo dé ibi tí wọ́n ti fi irin di sàléńsà mọ́ ọn,
mo tú u, kò tú.
Mo fín epo sí i, mo jókòó, mo mu kọfí,
mo dìde, mo tú u, kò tú.
Mo ní ohun tó bá ti tutù kì í tètè tú.
Britta ní, "Bàbá àgbà, ẹ̀yin náà ńkọ́?"

Bóòtù mẹ́ta ló di tọ́bò mọ́lẹ̀.
Ojú rí méjì.
Ẹni tó ṣe ọkọ̀ yìí fi ẹ̀kẹta pamọ́ sẹ́yìn,
níbi tí àtẹ́lẹwọ́ mi,
tó ti fi àádọ́ta ọdún fa wáyà, fa ọmọ màlúù jáde nínú ìyá rẹ̀,
kò lè wọ̀.
Àgbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò wọ kèrègbè,
kó má fọ́ kèrègbè,
kó pe ọmọdé.

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́. Ó ti apá bọ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì títí dé ìgúnpá,
ó dijú bí ẹni ń wá owó lábẹ́ àga.
"Ọwọ́ mi ti kàn án."
"Yí i sósì."
"Òsì tiyín ni àbí òsì ti bóòtù?"
Ìbéèrè gidi ni. Mo ṣì ń rò ó
nígbà tí irin ké,
tó tú.

A gbé e sórí tábìlì, ó wúwo bí ọmọ àgùntàn.
Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i lára kí a tó là á sí méjì;
ẹni tí kò sàmì síbi tó ti pínyà, níbo ni yóò padà sí?
Inú rẹ̀ nìyí:
abẹ̀bẹ̀ kéékèèké tó yẹ kó máa ṣí, kó máa pa dé bí ìpéǹpéjú,
èédú ti lẹ̀ wọ́n pọ̀, òrùka tó ń darí wọn ti dógùn-ún,
wọ́n lajú sílẹ̀ bí òkú ẹja.
"Kí ló fà á?"
"Jẹ́jẹ́ ló fà á. Mò ń wa ọkọ̀ ní jẹ́jẹ́ jù.
Látìgbà tí Signe ti kú, n ò níbi tí mò ń kánjú lọ."

Kò fèsì. Ó mú kànrìnkàn,
ó ń fọ abẹ̀bẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan,
omi dúdú ń ṣàn sínú abọ́ tí ìyá àgbà rẹ̀ fi ń po búrẹ́dì.
Mo kìlọ̀: má fi ohun mímú kan kẹ̀kẹ́ àárín yẹn o,
ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ìgbà ló ń yí ní ìṣẹ́jú kan.
Èémí tí ọkọ̀ mí jáde ló ń yí i,
òun náà ló ń ti èémí tuntun wọlé.
Ohun tí a tú dànù ló ń bọ́ wa.
Britta ní òórùn rẹ̀ kò dáa. Òótọ́ ni.

Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó dè é padà.
Mo bu ọ́ìlì sí i lọ́fun, ó fi ìka yí i,
ó yí, kò fọhùn.

Òkè Lindseth, jíà kẹta,
mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ bí n kò ti tẹ̀ ẹ́ láti ọdún méjì.
Ó súfèé.
Britta ṣí àtẹ́lẹwọ́: wáṣà kan.
"Bàbá àgbà, níbo lèyí ti wá?"
Mo wo iwájú. Mo ní kó fi sápò.