Ìrù G

Ní Trieste, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń já fìlà gbà lórí ẹni
bí olówó èlé tó wá sin gbèsè,
Nerina Pertot jókòó ti fèrèsé,
ó ń fi pẹ́ẹ̀nì kọ̀ǹpútà tọ ipasẹ̀ ọwọ́ òkú.

Ìyá ìyá rẹ̀ ló ni ọwọ́ náà:
Dorotea, akọ̀wé nílé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi,
tó fi gègé àti tàdáwà kọ orúkọ ẹrù fún ogójì ọdún,
kọfí, òróró, òwú,
tó sì fi ọwọ́ kan náà kọ "ọ̀pọ̀tọ́, oṣù kẹsàn-án"
sára ìgò jáàmù nílé ìdáná.

Lẹ́tà rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀, bí ẹni tó ń gun òkè nínú ìjì.
L rẹ̀ ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́.
Ṣùgbọ́n ìrù G!
Ìrù G á wọ́ lọ sábẹ́ ọ̀rọ̀,
á yípo lẹ́ẹ̀kan, á tún padà wá sókè
bí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílé.

Èmi ni mo ń tẹ̀wé nísàlẹ̀ ilé náà.
Ó gbé e wá: "Ezio, wò ó, ṣé ó dára?"
T méjì wà nínú ọ̀rọ̀ kan, wọ́n jọra bí ìṣẹ́jú méjì.
Mo ní ọwọ́ ènìyàn kì í bí ìbejì.
Ó padà lọ ya T mẹ́ta,
kí ọ̀kan máa gba ipò èkejì,
kí ojú má baà mọ̀ pé ẹ̀rọ ló ń kọ̀wé.

Ó ku ti ìwárìrì.
Lọ́dún tó kẹ́yìn, ọwọ́ Dorotea ń gbọ̀n,
ìlà rẹ̀ ń rìn bí èèrà tó sọ ọ̀nà nù.
Níbo la ó fi èyí sí?
Ọ̀sẹ̀ méjì ni Nerina fi ń pa á rẹ́, tó tún ń dá a padà.
Níkẹyìn ó dán gbogbo rẹ̀,
ó fi ìwárìrì ẹyọ kan pamọ́ sínú àmì ìdánudúró díẹ̀,
níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò.

Ọjà náà tà.
Wọ́n fi kọ orúkọ wáìnì,
wọ́n fi pe ènìyàn síbi ìgbéyàwó lórí bébà tó nípọn bí aṣọ,
ó wà lára ìgò lọ́fínńdà.
Onílé-oúnjẹ kan ní Udine fi kọ gbogbo àkójọ oúnjẹ rẹ̀,
ẹja, iye owó, nọ́ńbà fóònù,
àwọn oníbàárà fi jígí sójú, wọn ò rí nǹkan kà.
Nerina kọ̀wé sí i:
"Ọ̀gá, iyọ̀ ni lẹ́tà yìí, kì í ṣe ọbẹ̀.
Ẹ fi kọ orúkọ nìkan,
kí lẹ́tà tó dúró gbọnrangandan ru ìyókù.
Ẹ má sì fi lẹ́tà ńlá kọ odindi ọ̀rọ̀ o,
ìjà ni wọn yóò máa jà."

Ní oṣù kejì, ìyá Nerina kú.
Ìwé ìkéde òkú, tí a ń lẹ̀ mọ́ ògiri, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́.
Mo fi ọwọ́ Dorotea kọ orúkọ ọmọ Dorotea: Graziella.
G na ìrù rẹ̀ lọ sábẹ́ gbogbo orúkọ náà.
Nerina wò ó pẹ́. Kò sunkún.
Ó ní: "Ezio, àlàfo àárín R àti A fẹ̀ jù."
Mo sún wọn mọ́ra.