Dùùrù Orí Páálí

Mi ò ní dùùrù.
Páálí ni mo ní,
páálí tí wọ́n fi di tẹlifíṣọ̀n tá a rà ní òpópónà Selkirk,
tí mo fi rúlà àti bírò ya eyín sí lára:
dúdú mẹ́rìndínlógójì,
funfun méjìléláàádọ́ta, iye ọdún tí mo ti lò láyé.

Ní aago mẹ́rin ìdájí, bí mo bá ti ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì dé,
tí òtútù Winnipeg ti so yìnyín mọ́ mi nírùngbọ̀n,
n ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìdáná,
n ó máa tẹ ohun tí kì í dún.
Fíríìjì nìkan ní ń kùn, tó ń bá mi gbè é.
Ìbídùn ọmọ mi a fi oorun lójú jáde wá mu omi:
"Bàbá, ẹ tún ti ń họ tábìlì."

Halyna ni olùkọ́ mi, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin.
Dùùrù tirẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ.
Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ mi, ó pa ìwé orin dé.
"Má bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀," ló wí.
"Gbogbo ayé ló mọ ẹnu ọ̀nà.
Ìlà ìkẹyìn ni kí o kọ́kọ́ mọ̀, lẹ́yìn náà èyí tó ṣáájú rẹ̀,
kó lè jẹ́ pé bí o ti ń lọ, ilé lo ń sún mọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi ẹ̀yìn rìn wọ inú orin,
bí ẹni tó ń nu ilẹ̀ tí kò fẹ́ tẹ ibi tó ti nù.
Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà;
tèmi, ìdí ló kọ́kọ́ wọlé.

Ibì kan wà ní ìlà kẹta
tí ìka kékeré ọwọ́ òsì mi ti máa ń kọsẹ̀.
Ohùn ní kó lọ sókè, òun a lọ sílẹ̀:
mo fẹ́ pe ọkọ́, mo pe ọkọ̀.
Ká ní ìyá mi wà níbẹ̀ ni, ì bá béèrè
ta ló fẹ́ fi mọ́tò roko.
Ogún ìgbà lóru, lórí páálí,
pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, bí ẹni gbé ẹyin.

Halyna ní kò tíì tó.
Ó ní kí n sáré gun àtẹ̀gùn ilé wa dé àjà kẹrin,
kí n má sinmi, kí n jókòó, kí n tẹ̀ ẹ́,
"torí bí àyà rẹ yóò ṣe máa lù nìyẹn
bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ."
Àwọn ará ilé rò pé iná ló ń jó.

Oṣù kẹrin. Yìnyín ń fọ́ lójú odò.
Gbọ̀ngàn ilé ìkàwé, ọgọ́ta àga oníke.
Ọmọdé mọ́kànlá ni a jọ tò, èmi nìkan ni mo hewú.
Tegan, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí eyín iwájú rẹ̀ méjì ti yọ, wò mí:
"Ṣé ẹ̀rù ń bà yín?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Ó ní òun náà ńkọ́. Ó fún mi ní súwíìtì kan.

Wọ́n pe orúkọ kan tó jọ tèmi.
Mo jókòó. Àyà mi ń gun àtẹ̀gùn.
Ìlà kìíní lọ dáadáa. Ìkejì náà.
Ní ìlà kẹta, ìka kékeré ṣe bó ti máa ń ṣe:
ọkọ̀ dípò ọkọ́.
Gbogbo ara mi dì.

Ọwọ́ kò bi mí léèrè.
Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ:
ó ti gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé, ó ti wà ní ìlà kẹrin,
ó ń sún mọ́ ilé,
èmi ni mò ń sáré tẹ̀lé e.

Wọ́n pàtẹ́wọ́.
Halyna, lórí àga iwájú, wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré.
Ó gbọ́.

Nígbà tí mo délé, ife tíì Ìbídùn ti jókòó sórí páálí,
ó ti fi òrùka pupa rúsúrúsú yí eyín mẹ́ta ká,
lápá òsì, níbi tí ìka kékeré mi ń gbé.
Mo fi aṣọ nù ún. Kò lọ.
Iṣẹ́ ku wákàtí méjì.
Mo fa àga.
Ìlà kẹta, láti ẹ̀yìn wá.