Igbe Àwẹ̀ró

Ilé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi, Ògbómọ̀ṣọ́,
lọ́dún tí eéṣú jẹ ewé máńgòrò tán pátá,
níbẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ọmọ dókítà òyìnbó.
Lílíánì Wílókì ni wọ́n kọ sínú ìwé.
Ìyá ìyá mi, Dọ́kàsì, pè é ní Àwẹ̀ró,
torí ojúmọ́ kan kì í mọ́ kó má wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì,
kí ooru má baà yan án bí iṣu.

Ọdún mẹ́fà ló fi gùn ún lẹ́yìn.
Ó jẹ láfún, ó ṣeré nínú iyanrìn,
ó máa ń bú ajá bàbá rẹ̀ lédè wa,
ajá náà sì ń gbọ́.
Lọ́jọ́ tí mọ́tò dé tó fẹ́ gbé wọn lọ sí ọkọ̀ ojú omi,
ó di ìró Dọ́kàsì mú,
wọ́n ń tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.
Ìró náà ya. Ó wà nínú àpótí di òní.

A ò gbúròó rẹ̀ mọ́, títí kámẹ́rà fi rí i.
Bàbá mi, tó ń fi fídíò gbowó nílé wa ní Tákíè,
ló ní, "Ìyá, ẹ wá wo nǹkan."
Wọ́n fi í jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú
láàárín àwọn ọmọ ìpáǹle tí wọ́n wá wo ìbọn.
Kò gbédè. Kò tilẹ̀ bèèrè ìtàn.
"Ẹ wo bó ṣe ń ju ẹsẹ̀ òsì. Èmi ni mo kọ́ ọ rìn."

Mo ti ka ìwé ìròyìn tó ti òkè òkun dé:
ọkọ mẹ́ta, ilé kan létí òkun tí báǹkì gbà,
fíìmù mọ́kànlélógún; nínú mẹ́sàn-án, ó kú.
Ìyá àgbà kò ka ti ọkọ. Ikú nìkan ló ń kà.
Wọ́n yìnbọn fún un: "Ẹ ní sùúrù, á dìde."
Wọ́n rì í sódò: "Irọ́ ni.
Ọmọ tí mò ń da omi lé lórí láràárọ̀,
kì í fa omi símú."

Ti ìkẹyìn ni mo fẹ́ sọ.
Ó ti dàgbà níbẹ̀, ètè rẹ̀ ti fẹ́lẹ́.
Ilé ń jó, igi àjà wó lù ú,
ó sì ké.
Àwọn ọ̀mọ̀wé lọ́hùn-ún kọ ọ́ pé igbe náà kò nítumọ̀,
pé ohun tó fi dára gan-an nìyẹn;
wọ́n fún un lẹ́bùn lórí rẹ̀.
Ìyá àgbà fò dìde, bẹ́ǹṣì dojú dé.
"Ẹ dá a padà! Mo ní ẹ dá a padà!"
Bàbá mi yí téèpù sẹ́yìn.
Igi wó. Ó ké. Lọ́tẹ̀ yìí gbogbo wa gbọ́ ọ,
láti àárín iná, lẹ́nu obìnrin Amẹ́ríkà:
"Yéè! Ẹ pọ̀n mí o!"

Jẹnẹrétọ̀ kú. Kò sẹ́ni tó lọ tàn án.
Nínú òkùnkùn, mo gbọ́ tí eegun ìbàdí ìyá àgbà ró,
bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀,
tó kẹ́yìn sí tẹlifíṣàn.