Òkun Inú Pálọ̀

Lẹ́sítà jìnnà sókun.
Mo wọn iyọ̀, mo po òkun tèmi nínú garawa.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, omi lásán là ń wò.
Àwẹ̀ró ní, "Ẹja dà?"
Mo ní kò tíì jinná.

Lóru àná, iná lọ.
Iná lọ, nílùú òyìnbó!
Ẹ̀rọ dákẹ́. Iyùn káwọ́ jọ.
Mo ń fi kọ́ọ̀pù bu omi, mo ń dà á padà látòkè
kí ẹja lè rí èémí.
Ní aago mẹ́ta, Àwẹ̀ró mú ife tirẹ̀ wá, láìsọ̀rọ̀.
Iyùn ọrùn ìyá mi kò mí rí;
eléyìí ń mí.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, omi ti fi ìka kan lọ sílẹ̀.
Omi aláìníyọ̀ ni mo fi kún un:
omi ní ń gbẹ,
iyọ̀ kì í bá a lọ.