Fìlà Oníwáyà

Nílé ìwòsàn kan lẹ́yìn Tákìé,
mo fi jẹ́ẹ̀lì tútù pa orí Díákónì Oyèdìjí,
mo sì dé e ní fìlà oníwáyà.
Ẹ̀gbà ti mú un lápá, ó mú un lẹ́nu;
ọpọlọ rẹ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀ wùyẹ̀wùyẹ̀.
Oṣù mẹ́ta gbáko ni ẹ̀rọ fi tẹ́tí
kó tó mọ "omi" yàtọ̀ sí "ẹ gbé mi dìde".

Ìgbà náà ni Sínábù dé láti Ìkóyì-Ilé,
ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó já bọ́ lórí ọ̀kadà.
Orí kan ò jọ̀kan:
"omi" tirẹ̀ ń gún ṣóṣóró bí ẹ̀gún,
ti Díákónì ń rọra yí bí èéfín oko sísun.
Ọjọ́ mọ́kànlá ni ẹ̀rọ fi kọ́ ọ.
A padà sọ́dọ̀ Díákónì. Omi ló fẹ́;
ẹ̀rọ ní ká pa iná.
Bàbá di ojú. Ojú tì mí.

A yí ẹ̀kọ́ náà padà.
Láràárọ̀, kó tó bu òkèlè tuntun,
ẹ̀rọ á kọ́kọ́ tọ́ àná wò:
ogún ìró ti Díákónì, ogún ti Sínábù,
lẹ́yìn náà, àlejò.

Díákónì kú nígbà tí kajú ń so.
Ọ̀gá ní ká pa ìró rẹ̀ rẹ́, àyè ò sí mọ́.
Mo ní àyè wà.

Lánàá, wọ́n gbé ọmọkùnrin kan wá láti Arówómọlé.
Kò tíì lò tó wákàtí kan lábẹ́ fìlà
tí ẹ̀rọ fi kọ ọ́ sójú gíláàsì: omi.
Mo wo ìlà náà.
Ó ń rọra yí.
Mo sáré lọ bu omi.